Oṣù mẹ́ta ní CERN: Iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nílé ìwádìí ńlá

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ìlú Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Kì í ṣe pé wọn kò rílé sùn. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n fẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbajúmọ̀ olórin kan ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ físíìsì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì mọ̀ pé ìjókòó inú gbọ̀ngàn náà kò lè gba gbogbo ẹni tó fẹ́ wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CERN kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ti rí èérún tuntun kan, èyí tó jọ èyí tí àwọn onímọ̀ ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1964, tí wọ́n sì fi orúkọ Peter Higgs pè. Bàbá Higgs fúnra rẹ̀ wà níjókòó lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 83 ni nígbà náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti François Englert, ọmọ ilẹ̀ Belgium, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ Higgs, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó sun ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé lórí lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n wá lo ìsinmi ìgbà ooru wọn ní CERN. Láti ọdún 1962 ni ilé ìwádìí náà ti ń gba irú wọn, yàtọ̀ sí ìgbà tí àrùn kòrónà da gbogbo nǹkan rú. Bíi 300 ni wọ́n ń mú lọ́dún, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń kọ̀wé béèrè. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 13 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ń fún un lówó tí yóò fi jẹun, tí yóò sì fi san owó ilé, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ń ṣètò ìlera fún un. Kí wá ni wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì kàwé tán? Àbí kí ó máa rìn kiri, kí ó máa ya fọ́tò, kí ó sì padà sílé ni?

Ó yẹ kí á béèrè, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ní ọmọ kan ń lọ fún IT, gbogbo wa la mọ ohun tó sábà máa ń jẹ́. Ètò SIWES tí àjọ ITF gbé kalẹ̀ ní ọdún 1973 ló bí i, èrò tó sì wà nídìí rẹ̀ dára púpọ̀: kí ọmọ tó ń kọ́ nípa iná mànàmáná má ṣe jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú pátákó nìkan, kí ó fọwọ́ kan wáyà kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ti ṣe é wò. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ni akọ̀ròyìn yìí ti ṣe tirẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì. Nígbà tí yóò fi kúrò níbẹ̀, ohun tó mọ̀ dájú jù ni ọ̀gá tó ń fẹ́ ẹ̀wà láàárọ̀ àti ọ̀gá tó jẹ́ pé mọ́ínmọ́ín nìkan ló ń jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ kankan lé e lọ́wọ́ tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, nǹkan kan yóò bàjẹ́. Níbi ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni CERN ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1954, ni wọ́n dá CERN sílẹ̀. Ogun àgbáyé kejì kò tíì ju ọdún mẹ́sàn-án lọ tó parí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì ti kó lọ sí Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè 12 ló kọ́kọ́ dáwó jọ, nínú wọn sì ni Faransé àti Jámánì wà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn jà tán. Àdéhùn wọn ni pé àwọn kò ní ṣe iṣẹ́ ohun ìjà níbẹ̀, àti pé gbogbo ohun tí àwọn bá rí ni àwọn yóò gbé síta fún aráyé. Lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 20.

Orí ààlà gan-an ni ilé ìwádìí náà wà, apá kan ní Switzerland, apá kejì ní Faransé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba yàrá sí Saint-Genis-Pouilly ní ilẹ̀ Faransé, kí ó máa sọdá láràárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Switzerland, bí ẹni tó ń gbé Ìdí-Ìrókò tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìgòlò. Owó méjì ni yóò máa ná, yúrò lápá ibí, owó Switzerland lápá ọ̀hún. Kò sì ní pẹ́ mọ̀ pé ọjà apá Faransé ló ṣeé rà fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé Geneva wà lára àwọn ìlú tí nǹkan ti wọ́n jù láyé.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ohun tó gbé orúkọ CERN ga báyìí wà. Ihò róbótó kan ni, tó jìn tó nǹkan bí 100 mítà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn yí i ká yóò rin kìlómítà 27, èyí tó fẹ́ẹ̀ tó ìrìn Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà. Inú ihò yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní LHC wà. Èérún kínkínní tó ń jẹ́ proton, tó wà láàárín gùngùn gbogbo átọ́mù, ni wọ́n ń fi sáré nínú rẹ̀, àwọn kan ń lọ sápá ọ̀tún, àwọn kan ń lọ sápá òsì. Kí ẹ tó pe “ẹní” tán, proton kan ti yí kìlómítà 27 yìí po ní ìgbà 11,245. Ó fẹ́ẹ̀ dé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n kò ní bá a láéláé. Àwọn òòfà ńláńlá ló ń tẹ ọ̀nà rẹ̀ kí ó má baà sá lu ògiri, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù nínú wọn sì jẹ́ 1,232. Kí àwọn òòfà náà tó lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mú wọn tutù dé dígírì 271 ó lé díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òdo. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lójú sánmà kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Níbi mẹ́rin lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn tó ń ti ọ̀tún bọ̀ forí sọ àwọn tó ń ti òsì bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni wọ́n ń fọ́ proton bí ẹni ń pa èkùrọ́, láti wo ohun tó wà nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ rò ó báyìí: bí a bá ju ọsàn méjì lu ara wọn, omi ọsàn àti kóró rẹ̀ ni a retí kí ó fọ́n ká. Ní CERN, ọsàn méjì lè forí sọra kí ọ̀pẹ òyìnbó sì ti àárín wọn jáde, ọ̀pẹ òyìnbó tí kò sí nínú ìkankan wọn tẹ́lẹ̀. Agbára eré tí wọ́n ń sá ló di ohun tuntun. Ohun tí Albert Einstein fi yé aráyé ní ọdún 1905 nìyẹn, pé agbára lè di nǹkan tó ní ìwúwo, nǹkan tó ní ìwúwo náà sì lè padà di agbára. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pẹ òyìnbó ọ̀hún kì í dúró. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti túká di ohun mìíràn. Àwókù rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń rí, àwọn onímọ̀ yóò sì máa fi àwókù mọ ohun tó wó. Nínú bíi bílíọ̀nù kan ìforísọra, ó lè jẹ́ ẹyọ Higgs kan ṣoṣo ló máa jáde.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń wo àwókù yìí kì í ṣe kékeré. ATLAS, ọ̀kan nínú wọn, gùn ní mítà 46, ó ga ní mítà 25, ìyẹn bí ilé alájà mẹ́jọ. CMS kò tó o nínà, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì rẹ̀ ni nínú ìwúwo, nítorí pé 14,000 tọ́ọ̀nù ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹyọ kan. Ibi tí ọmọ ogún ọdún ń wọ̀ nínú gbogbo èyí la fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu ni bí ibẹ̀ kò ṣe jọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìyanu. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ilé ibẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀, nọ́ńbà tí kì í tẹ̀ lé ara wọn bó ṣe yẹ. Òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn àgbà onímọ̀ tó ti lọ. Lẹ́bàá ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àlejò ń sùn sí, ère Shiva, òrìṣà àwọn ará Índíà, dúró níbẹ̀ tó ń jó. Ìjọba Índíà ló fi ta ilé ìwádìí náà lọ́rẹ ní ọdún 2004. Lójú àwọn tó gbé e wá, ijó òrìṣà náà, tó ń dá nǹkan tó sì ń tú u ká, kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn èérún ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Inú ilé oúnjẹ ńlá ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń pàdé. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó bá jókòó síta rẹ̀ yóò rí òkè Mont Blanc pẹ̀lú yìnyín lórí. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gbé abọ́ rẹ̀ jókòó, kí ó wá mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé tí òun fi kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí ẹnì kan, orúkọ àbísọ ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀gá. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ yóò jẹ iyà èyí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó mọ́ ọn lára.

Ní òwúrọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kéde Higgs yìí náà ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n ń ti orí àwọn èérún lọ sórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ tó ń lé wọn, láti ibẹ̀ lọ sórí ìṣirò, orí ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé, àti orí ohun dúdú kan tó wà lójú sánmà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Àyè ìbéèrè wà, a sì gbọ́dọ̀ sọ pé ìbéèrè ni wọ́n fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kì í ṣe dídákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lára ohun tí wọ́n ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni àpótí ìkùukùu kan, ó sì dára kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé kò gba owó púpọ̀. Àpótí dígí lásán ni. Wọ́n á fi ọtí líle tí wọ́n fi ń nu ojú egbò rin aṣọ, wọ́n á fi í sókè àpótí, wọ́n á wá gbé e ka orí yìnyín gbígbẹ tó tutù bí ikú. Oruku ọtí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á pa iná, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, okùn funfun tín-ínrín yóò ṣàdédé fà kọjá nínú òkùnkùn náà, yóò sì pòórá. Òmíràn á tún fà. Èérún tó ti ojú sánmà wá ni. Victor Hess, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló gun bàlúù tí wọ́n fi hydrogen kún lọ sókè ní ọdún 1912 tó fi mọ̀ pé òkè ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n ń gba ara gbogbo wa kọjá lọ́sàn-án lóru, bíi ẹyọ kan ń gba àtẹ́lẹwọ́ wa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ní Geneva tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ nípa wọn nínú ìwé tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣeé rí.

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó di ibi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní iṣẹ́ kan àti ọ̀gá kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n á ní kí ó lọ wá èérún tuntun. Iṣẹ́ náà máa ń kéré débi pé ó ṣòro láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ó lè jẹ́ pé kí ó yẹ ìwé-pẹlẹbẹ silicon kọ̀ọ̀kan wò nínú yàrá tí eruku kò gbọdọ̀ wọ̀, kí ó mọ èyí tó ń pariwo lásán. Ó lè jẹ́ pé kí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò máa fi iye tí ẹ̀rọ sọ wé iye tó yẹ kí ó sọ. Ẹlòmíràn, òòfà ni yóò máa wọ̀n. Àwọn tó wá láti ẹ̀ka ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà náà pọ̀, kì í ṣe ti físíìsì nìkan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì máa ń le, nítorí pé èdè kọ̀ǹpútà C++ àti Python ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ètò kan tó ń jẹ́ ROOT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní CERN níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà bá pàdé níbòmíràn. Ẹni tó jẹ́ pé orí ìwé ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú ìdánwò, yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìwé àti ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́, tí ọmọdé náà kò sì gbọdọ̀ fi ṣeré? Ìtàn méjì ni a ó fi dáhùn.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, wọ́n tan LHC fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn oníròyìn àgbáyé sì pé síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà iná pọ̀ láàárín òòfà méjì jó. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bíi 10,000 nínú ẹ̀rọ náà, ẹyọ kan ṣoṣo tí kò dán mọ́rán ni. Gáàsì tí wọ́n fi ń mú òòfà tutù tú jáde pẹ̀lú agbára, ó ti òòfà tó wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ kúrò ní ipò. Òòfà 53 ni wọ́n ní láti tún ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀. Ó lé ní ọdún kan kí proton tó tún sáré nínú ihò náà, ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2009.

Ìtàn kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, àwọn olùwádìí OPERA sọ pé èérún tó ń jẹ́ neutrino, tí wọ́n yìn láti CERN gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, ìrìn 730 kìlómítà, yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá pàápàá kò tó ohun tí wọ́n ní ó fi yára. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ìwé Einstein ti ya nìyẹn. Gbogbo ayé ń sọ ọ́. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n rí i pé wáyà kan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni wọn kò tì wọlé dáadáa. Wọ́n tì í, eré àsápajúdé neutrino sì parí.

Àwọn tó ti rí irú nǹkan báyìí kì í fojú kékeré wo ẹni tó ń yẹ wáyà wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹ 400 nǹkan wò, tó sì rí i pé 397 ló dára, mẹ́ta tó kù yẹn ni èrè rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dára, tí kò rí àléébù kankan, iṣẹ́ ni òun náà. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ti wò ó. Ibi tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nìyẹn, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa pé ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, máàkì sì wà fún ẹni tó bá rí i. Lọ́hùn-ún, ọ̀gá rẹ gan-an kò mọ ìdáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi gbà ọ́.

Ẹ tún wo ti Nicola Pellow. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ni láti Leicester Polytechnic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní CERN fún iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn ọmọ lọ ṣe kí wọ́n tó parí, ìyẹn irú èyí tí àwa ń pè ní IT. Èyí gùn ju ti ìgbà ooru lọ. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1990, wọ́n ní kí ó lọ ran Tim Berners-Lee lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣe ohun kan tí kò tíì lókìkí nígbà náà, tí a mọ̀ sí World Wide Web lónìí. Berners-Lee ti kọ ètò tí ènìyàn lè fi wo ojú ewé, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà NeXT nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ní irú rẹ̀. Pellow, ọmọ IT, ló jókòó kọ ètò kejì tó rọrùn, tí kò ní àwòrán, ṣùgbọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yòówù. Òun ló jẹ́ kí àwọn ará ìta lè wo ohun tí Berners-Lee dá. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1993, CERN gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ ṣe ń ka ìwé ìròyìn yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọmọbìnrin náà wà nídìí rẹ̀.

Lópin àsìkò wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń dìde sọ ọ́, àwọn kan ń ya á sórí ìwé ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, tí àgbà onímọ̀ yóò wá dúró níwájú rẹ̀ bi wọ́n léèrè. Ìròyìn náà kì í lọ sínú dúrọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi ìkówèésí CERN lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi í sí, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí kò nílò kí ó bi ẹnikẹ́ni. Kí ó lọ ka ti àwọn tó ti ṣíwájú.

Ó ku ti àwa. Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ CERN, ṣùgbọ́n èyí kò ti ilẹ̀kùn. Ètò kan wà lọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn ọmọ Yúróòpù, òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kí ìgbà ooru náà tó dé, nínú físíìsì, kọ̀ǹpútà, ìṣirò tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sì gbọdọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè dókítà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Lójú tiwa, ìyẹn kọ́ ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró.

Kàlẹ́ńdà ni àkọ́kọ́. Oṣù Keje ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ CERN, ó sì lè jẹ́ oṣù Keje gan-an ni ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ìyanṣẹ́lódì tó ti da sáà rú. Ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14, oṣù Kejì, títí di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi wà nílé. Ọmọ tó yẹ kí ó ti parí ọdún kẹta rẹ̀ ṣì wà nínú ọdún kejì. Ìwé èsì ìdánwò ni èkejì. CERN fẹ́ rí i pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, ó sì yé gbogbo wa bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ilé ẹ̀kọ́ wa tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ 300 ọmọ nínú kíláàsì kan, kí ni yóò kọ nípa ẹyọ kan? Lẹ́tà tó ní ọmọ náà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ kò wúlò fún àwọn tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dá ronú. Ti físà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí á sọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹnì kan láti àdúgbò wa ti ronú sí i. Kétévi Assamagan, onímọ̀ físíìsì ọmọ Tógò, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà tó sì ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ATLAS ní CERN, wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ físíìsì fún Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ASP. Ó kọ́kọ́ wáyé ní Stellenbosch, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2010. Láti ìgbà náà, ó ti lọ káàkiri: Kumasi ní Gánà ní 2012, Dakar ní Senegal ní 2014, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ ló ń wá bá akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, kò di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ ré òkun kọjá. Fún ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun lè tó CERN, ibẹ̀ dára láti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwádìí DESY ní Hamburg, ní Jámánì, náà ní ètò ìgbà ooru tirẹ̀.

Lọ́pọ̀ ọdún, ìparí ọdún ni CERN máa ń ṣí ìwé ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀, ìparí oṣù Kìíní ni wọ́n sì sábà máa ń tì í. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti lọ bá olùkọ́ rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìwé èsì rẹ̀ kiri. Kí ó ní ìwé ìrìnnà. Kí ó fi oṣù díẹ̀ kọ́ Python, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí ìkànnì CERN fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kọ ìwé náà, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní aṣojú kankan ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn tó ń ta fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá pè yín pé òun lè bá yín wá àyè níbẹ̀, tí ẹ bá ti san owó díẹ̀, ẹ gé fóònù náà.